Ta ló lẹ́nu láti sọ FORCE? Lámèyítọ́ lórí àtẹ ọ̀rọ̀-àṣẹ z/OS

Àtẹ kan wà nínú ìwé tí IBM pè ní MVS Planning: Operations. Àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá, irú èyí tí àwọn ilé ìfowópamọ́ ń lò tí wọ́n ń pè ní mainframe, máa ń ṣí i bí ẹni ń wo iye owó ọjà. Wọ́n á wo ọ̀rọ̀-àṣẹ, wọ́n á wo orúkọ tí RACF, olùṣọ́ ẹ̀rọ náà, fi mọ̀ ọ́n, wọ́n á wo irú àyè tí ẹni tó fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ní, wọ́n á sì pa ìwé dé. Èmi kì í ṣe ọ̀kan lára wọn; ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo ń kọ́ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méjì ló gbé àtẹ náà wá bá mi. Wọ́n fẹ́ tú u sí Yorùbá, wọ́n sì ti há síbi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: àṣẹ. Bí mo ṣe ń kà á ni mo rí i pé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe ni àtẹ yìí ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dárúkọ ìmọ̀ èdè níbì kankan.

Àwa tí a ti ka J. L. Austin, yálà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó jáde ní 1962 tàbí nínú ìtumọ̀ Faransé ti 1970, Quand dire, c'est faire, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í ṣiṣẹ́ nítorí pé a sọ ọ́ dáadáa nìkan. Ẹni tó yẹ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́, níbi tó yẹ. Ẹni tí kì í ṣe adájọ́ lè ní “mo dá ọ sílẹ̀”, ẹlẹ́wọ̀n ò ní kúrò lẹ́wọ̀n. z/OS sọ èyí di iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ènìyàn lè tẹ CANCEL àti orúkọ iṣẹ́ kan sí console, kí gírámà rẹ̀ pé pérépéré, síbẹ̀ kí ẹ̀rọ dáhùn pé AUTHORITY INVALID. Kò sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò tọ́. Ó ní àṣẹ ẹni tó sọ ọ́ ni kò múlẹ̀.

Ibi tí ènìyàn jókòó sí ló kọ́kọ́ ń fún un lẹ́nu. Console kọ̀ọ̀kan ní ìpele tirẹ̀: INFO fún ìwádìí, SYS, IO, CONS, títí dé MASTER tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni yòówù tó bá jókòó nídìí MASTER lè pa gbogbo ẹ̀rọ náà. Ará Kétu kò ní ṣàìmọ irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Lóru Ẹ̀fẹ̀, ẹni tó wà lábẹ́ ère lè bú ìjòyè, kò sẹ́ni tó máa mú un. Kí ọkùnrin kan náà tún un sọ lọ́jà lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́. Àmọ́ Ẹ̀fẹ̀ ní òru tirẹ̀, àti gbogbo ìlú tó ń wò ó. Yàrá ẹ̀rọ kò ní èyíkéyìí nínú wọn, ó lè ṣófo, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí. Ìdí nìyẹn tí mo fi yìn ín pé a lè kọ LOGON(REQUIRED) sínú ètò console báyìí, kí ẹni tó jókòó kọ́kọ́ sọ orúkọ ara rẹ̀, kí RACF sì wo orúkọ náà nínú kíláàsì OPERCMDS kí ó tó gbà. Àga kò yẹ kó ní ẹnu.

Ibi tí mo ti bá àtẹ náà jà ni ìpele àyè. Mẹ́ta ló gbilẹ̀ níbẹ̀: DISPLAY fẹ́ READ, CANCEL fẹ́ UPDATE, FORCE fẹ́ CONTROL. Ọ̀dọ̀ fáìlì ni wọ́n ti yá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wá. READ ṣì bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, nítorí wíwò ni DISPLAY ń wò. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tó dá iṣẹ́ dúró lójijì ṣe àtúnṣe rẹ̀? Ìtumọ̀ ti ṣófo. Ipò nìkan ló kù: ẹni tó ní CONTROL ní UPDATE, ẹni tó ní UPDATE ní READ. Èyí kò burú, ọ̀rọ̀ tó di nọ́ḿbà wà nínú gbogbo èdè. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń wọ̀n. FORCE lórí iṣẹ́ ìdánwò kan fẹ́ àyè tó ga ju CANCEL lórí iṣẹ́ tó ń ṣírò owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ àbọ̀ ni ewu wà, kì í ṣe nínú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ohun tó dùn mí ni pé gírámà RACF mọ èyí. Orúkọ náà ni MVS.CANCEL.JOB, tí orúkọ iṣẹ́ sì tẹ̀ lé e. A lè ti ilẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ owó oṣù nìkan. Ṣùgbọ́n a tún lè kọ MVS.CANCEL.** kí a sì lọ sùn, ẹni tó bá sì ń ka àtẹ láti ọ̀rọ̀-ìṣe sí ìpele, bí wọ́n ṣe tò ó, kò ní rí ìdí tí kò fi yẹ.

Ìdákẹ́jẹ́ náà ní ìtumọ̀. Bí RACF kò bá ní orúkọ kankan tó bá ọ̀rọ̀-àṣẹ mu, kò kọ̀, kò sì gbà. Ó dá ìpinnu padà fún MVS, a sì padà sọ́dọ̀ àga. Nítorí náà ni ìdáhùn AUTHORITY INVALID fi ní ìrù méjì: FAILED BY MVS àti FAILED BY SECURITY PRODUCT. Ẹni tó ń kọ́ nípa olùṣe nínú gbólóhùn yẹ kó wò wọ́n dáadáa. Ìrù àkọ́kọ́ ń sọ fún alábòójútó pé console ló kọ̀. Ìkejì ní orúkọ onítọ̀hún ni wọ́n kọ̀.

Mo padà sórí àṣẹ. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ, command jẹ́ àṣẹ, authority jẹ́ àṣẹ, access náà jẹ́ àṣẹ. Wọ́n ti kọ “ẹni tó ní àṣẹ lórí àṣẹ gbọ́dọ̀ ní àṣẹ”. Lẹ́nu wa, òótọ́ ni, nítorí pé Yorùbá kò ya ọ̀rọ̀ kúrò lára agbára tó gbé e. Nínú ìwé tí ènìyàn máa fi pín ẹ̀tọ́, ewu ni. Mo ní kí command jẹ́ ọ̀rọ̀-àṣẹ, kí access jẹ́ àyè, kí authority nìkan máa jẹ́ àṣẹ. Wọ́n gbà. CANCEL ni wọ́n tú sí “pa”, FORCE sí “fi ipá pa”. Mo kọ ti àkọ́kọ́: CANCEL ń dá iṣẹ́ dúró, ẹ̀rọ sì ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. FORCE kì í fara balẹ̀ bẹ́ẹ̀; ó lè di dandan lẹ́yìn rẹ̀ kí a tún gbogbo ẹ̀rọ gbé dìde. Kódà bí ẹni tó ní CONTROL bá tẹ FORCE sí iṣẹ́ tí CANCEL ṣì lè dá dúró, ẹ̀rọ á ní kó kọ́kọ́ lo CANCEL. Àṣẹ ń bẹ, àyè ń bẹ, àsìkò ni kò tíì tó. Nítorí náà “dá dúró” ló wọ ẹ̀dà kejì.

Lórí ìpele ni a kò tíì ṣọ̀kan. Èmi fẹ́ àyè kìíní, àyè kejì, àyè kẹta, nítorí ipò nìkan ló kù nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní nọ́ḿbà kò ní dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, “àyè ìkápá” ni wọ́n ṣì ń kọ fún CONTROL.