Ibi Tí Gáàsì Ń Gbà Jáde

Ẹni tó bá gbé sílíńdà wá sọ́dọ̀ mi ní Kabala Doki, ní Kàdúná, kì í sábà mọ ohun tó ń ṣe é gan-an. "Ó ń jò" ni gbogbo wọn máa ń wí. Yorùbá á ní, "Bàbá, ẹ bá mi wo fáàfù yìí o." Hausa á kọ́kọ́ kí mi "sannu da aiki" kó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mi ò kì í fọwọ́ kan sípánà nígbà yẹn. Ìbéèrè ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo lẹ rọ gáàsì sí i? Ṣé bọ́nà wà lórí ẹ̀ nígbà tó ń jò, àbí ẹ ti tú u? Ṣé ó dúró nínú mọ́tò tó gbé e wá, àbí ó dùbúlẹ̀? Ẹni tó bá dá mi lóhùn dáadáa ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an, mo sì fẹ́ káwọn èèyàn mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Kí a pààrọ̀ rọ́bà kékeré kan kò le. Ọmọ iṣẹ́ tí ojú ẹ̀ là á mọ̀ ọ́n láìpẹ́. Wíwá ibi tí gáàsì ń gbà jáde gan-an ni iṣẹ́, òun ló sì ń gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ jẹ́ ká mú kámúgáàsì, sílíńdà kékeré tí bọ́nà ń jókòó lé lórí, tí àwọn alákàrà àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò káàkiri Kàdúná. Bí ẹ bá tú bọ́nà kúrò, ẹ ó rí ẹnu fáàfù, idẹ ni, irin tín-ín-rín kan sì wà láàárín ẹ̀. Sípíríǹgì ń ti irin yẹn sókè láti ìsàlẹ̀, rọ́bà ìdí ẹ̀ ló sì ń dí ọ̀nà. Bí ẹ bá yí bọ́nà wọlé, ìdí bọ́nà á tẹ irin náà wálẹ̀, ọ̀nà á ṣí. Bí ẹ bá tú u, sípíríǹgì á tì í padà, ọ̀nà á dí. Gbogbo ẹ̀ kò ju ìka kan lọ, òun ló sì ń ṣọ́ gbogbo gáàsì tó wà nínú irin náà tọ̀sán-tòru.

Ẹni tó bá mọ bí nǹkan wọ̀nyí ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ kò ní máa méfò. Bí bọ́nà bá wà lórí, tí omi ọṣẹ ń hó lọ́rùn ẹ̀, ẹ má fẹ̀sùn kan fáàfù: wọ́ṣà ìdí bọ́nà ló ti gbó tàbí tó ti gan. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn tí a tú bọ́nà ni ẹnu fáàfù wá ń hó, irin àárín kò padà sí àyè ẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìdí ọ̀pá tí a fi ń yí iná sókè sódò ló ń hó, bọ́nà fúnra ẹ̀ la máa tú. Àmọ́ tí ìfófòó bá yọ nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí fáàfù ti wọnú sílíńdà, mi ò ní fi sípánà fún un pa rárá. Sílíńdà tó ní gáàsì nínú, a kì í yí fáàfù ẹ̀. Ó di kí gáàsì inú ẹ̀ tán pátá ní gbangba, kí wọ́n sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ní irinṣẹ́ àtiyẹ̀ ẹ́ wò.

Omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni mo fi ń wá a. Mo ń rí àwọn tó ń ṣáná sí i láti mọ ibi tó ń jò, ọkàn mi a sì máa gbọgbẹ́. Ọṣẹ sọ ju iná lọ. Ìfófòó ńlá kan tó ń wú díẹ̀díẹ̀ kó tó bẹ́, rọ́bà tó ti le ló sábà máa ń fà á. Wẹ́wẹ́ tó ń ya jáde láìdúró, yẹ̀pẹ̀ ló há sábẹ́ ẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ ni mo ń rí irú èyí jù, nítorí eruku máa ń bo ìlú wa, àwọn èèyàn sì ń fi ẹnu fáàfù sílẹ̀ láìdé. Ìdérí rọ́bà kékeré tó bá sílíńdà wá láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ nù, èyí sì dùn mí gan-an.

Bí yìnyín funfun bá bo idẹ fáàfù nínú oòrùn oṣù April ti Kàdúná, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé idán ni. Gáàsì olómi ló ń jáde tààrà. Propane tó wà nínú ẹ̀ máa ń hó ní ìwọ̀n 42 lábẹ́ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, nítorí náà ibi tó bá gbà jáde á tutù títí omi inú afẹ́fẹ́ á fi dì mọ́ ọn lára. Bí mo bá rí i, mo mọ̀ pé wọ́n dá sílíńdà dùbúlẹ̀ ni tàbí wọ́n rọ ọ́ kún jù, mo sì ń dá ọwọ́ dúró, torí gáàsì yẹn lè jó èèyàn láwọ̀ bí iná ni.

Àkúnjù yìí ló ń mú kí wọ́n gbé fáàfù tí kò ṣe nǹkan kan wá. Gáàsì olómi ń wú bí ooru bá mú un, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún un: ìdá 80 nínú 100 ni kó dé, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Fáàfù tó ní ihò ààbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ á ṣí i fúnra ẹ̀, á tú díẹ̀ jáde, á sì tún pa á dé. Olówó ẹ̀ á wá sáré tọ̀ mí wá pé ó bàjẹ́. Mo máa ń gbé irú sílíńdà bẹ́ẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, mo á yọ ìwọ̀n òfìfo tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀ kúrò, mo á sì fi ohun tó kù hàn án. Bó bá ju 12.5 lọ nínú sílíńdà kìlógíráàmù 12.5, ẹjọ́ ti parí. Fáàfù yẹn ló dáàbò bo ilé ẹ̀, ó yẹ ká yìn ín.

Òórùn tí ẹ ń gbọ́ kì í ṣe ti gáàsì fúnra ẹ̀ o, torí gáàsì kò ní òórùn. Wọ́n fi oògùn olóòórùn sí i ni. Ní March 1937, gáàsì tí ẹnikẹ́ni kò gbóòórùn ẹ̀ bú gbàmù nílé ẹ̀kọ́ kan ní New London, ìpínlẹ̀ Texas, nǹkan bí 300 èèyàn ló kú, ọmọdé ló pọ̀ jù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ṣòfin níbẹ̀ pé dandan ni kí gáàsì máa rùn. Níhìn-ín nílé, kò sẹ́ni tó gbàgbé ìbúgbàmù gáàsì ti Sabon Tasha, ní Kàdúná, ní January 4, 2020, tó gbẹ̀mí Ọ̀jọ̀gbọ́n Simon Mallam, alága Àjọ Agbára Átọ́míìkì Nàìjíríà, pẹ̀lú àwọn mìíràn. Látìgbà náà, bí mo bá ní kí wọ́n gbé ìdáná jìnnà, wọn kì í bá mi jiyàn mọ́.

Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń wọ́ gbà, gọ́tà ló ń kó sí. Nítorí náà ibi títẹ́jú tí atẹ́gùn ń fẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fa sìgá tàbí kó tan jẹnẹrétọ̀ nítòsí. Bákan náà, sílíńdà tí ìpata ti jẹ nídìí, mi ò ní gbowó ẹ̀. Odò Kàdúná kò jìnnà sí wa, ọ̀pọ̀ sílíńdà ló ti sùn nínú omi ìkún rí. Mo máa ń fi òbẹ kékeré gbo ìpata náà lójú olówó ẹ̀ kó lè rí i bó ṣe ń já bọ́ ní pẹlẹbẹ. Owó fáàfù tuntun lórí irú irin bẹ́ẹ̀, ó sàn kí wọ́n fi kún owó sílíńdà míì.

Ìyá alákàrà kan wà ládùúgbò wa tó ti ra búrọ́ọ̀ṣì tiẹ̀. Ó máa ń fi omi ọṣẹ kun bọ́nà àti fáàfù nígbàkígbà tó bá rọ gáàsì tuntun, kó tó tan iná àárọ̀. Nígbà tó wá gbẹ̀yìn, kò ní "ó ń jò" mọ́. Ó ní, "Bàbá, ọrùn ni, kì í ṣe ẹnu." Mo tú bọ́nà, mo yọ wọ́ṣà tó ti sán, mo fi tuntun sí i, òun fúnra ẹ̀ ló sì fi ọṣẹ tún un kùn kó tó gbé e lọ.