Ẹ̀dá-Ìtàn Kan, Ayé Òṣèré Kan: Àgbéyẹ̀wò Ìfìwàwẹ̀dá Baba Sala

Nígbà tí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ kú ní Iléṣà ní ọjọ́ 7, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2018, orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi kẹ́dùn rẹ̀ kì í ṣe èyí tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Baba Sala ni wọ́n pè é. Ẹ̀dá-ìtàn ti gba orúkọ lọ́wọ́ òṣèré. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀nà tí ọkùnrin yìí gbà ṣẹ̀dá ènìyàn kan ṣoṣo, bí ó ṣe gbé e láti orí pèpéle dé orí amóhùnmáwòrán àti sinimá, àti ohun tí ìrìnàjò náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ náà 'aláwàdà', tí òun fúnra rẹ̀ fi pe ẹgbẹ́ rẹ̀, ti mú kí ọ̀pọ̀ lára wa máa rẹ́rìn-ín kọjá lára iṣẹ́ ọnà tí ó yẹ kí a dúró wò.

Ìmọ̀ lórí tíátà alárìnkiri Yorùbá kò kéré. Joel Adédèjì kọ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí alárìnjó ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1969. Ìwé Ẹ̀bùn Clark lórí Hubert Ògúǹdé jáde ní 1979, ti Bíọ́dún Jéyífò lórí tíátà alárìnkiri tẹ̀ lé e ní 1984. Ní 2000, Karin Barber tẹ ìwé tirẹ̀ jáde lórí ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí là wá lójú sí ìtàn àwọn ẹgbẹ́, sí bí eré ṣe ń di odindi, àti sí àjọṣe òṣèré pẹ̀lú òǹwòran. Ohun tí òṣèré kan ń fi ara rẹ̀ ṣe lójú agbo, bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń wọṣọ, ìgbà tí ó dákẹ́ àti ìgbà tí ó fèsì, ṣì ń dúró de àlàyé tí ó kún tó bẹ́ẹ̀.

Bí a bá fẹ́ mọ orísun Baba Sala, orí ẹ̀kú ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Eégún aláré máa ń ní ẹ̀kú fún irú ènìyàn: òyìnbó, Tápà, ọ̀mùtí. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní ọdún 1826, ó rí àwọn eléré tí wọ́n ń sín òyìnbó jẹ lójú rẹ̀. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò nílò ìtàn ìgbésí ayé. Bí ó bá ti yọ, òǹwòran ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n ń retí ni ohun tí yóò ṣe lónìí. Orísun kejì ni eré orin inú ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí Ògúǹdé gbé kúrò láàárín ìjọ Aládùúrà ní Èbúté Mẹ́tà lọ sí Glover Memorial Hall ní 1944. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Dúró Ládiípọ̀ mú ìtàn àwọn ọba, ó sì fi ṣe Ọba Kò So ní 1963. Ní ọdún kan náà, Kọ́lá Ògúnmọ́lá mú ìwé Amos Tutùọlá, ó sọ ọ́ di eré. Ọláìyá ní tirẹ̀ ti inú orin wá: ẹgbẹ́ olórin háíláìfù ni ó ń darí tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ sì ni Sunny Adé ti ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kí ìràwọ̀ tirẹ̀ tó yọ. Kò mú ìtàn ọba, kò mú ìwé. Ènìyàn kan ni ó mú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ènìyàn náà dáadáa. Dígí ojú rẹ̀ tóbi ju ojú lọ. Táì ọrùn rẹ̀ bo àyà. Bàtà rẹ̀ ga débi pé ìrìn rẹ̀ kò lè rí bí ìrìn ẹlòmíràn. Aago ńlá tí ó yẹ kí ó wà nílé ni ó fi ṣe aago ọwọ́. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tí kì í ṣe ohun tí ọ̀làjú kà sí iyì. Ìwọ̀n ni Ọláìyá yí padà. Ọkùnrin náà ti rí i pé ẹni tí ó ní aago ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, ó sì rò pé bí aago bá ṣe tóbi tó ni ọ̀wọ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Nínú èyí ni ẹ̀fẹ̀ náà wà. Ó jẹ́ ahun, ó tún jẹ́ olójúkòkòrò; ó fẹ́ kí wọ́n rí i bí olówó, kò sì fẹ́ ná kọ́bọ̀. Ní àárín ọdún 1970 sí 1980, tí owó epo ń wọlé tí Nàìjíríà ń ra ohun gbogbo tí ó ń dán, òǹwòran kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó rí ẹni tí ó jọ ọ́.

Nítorí náà, a kò fara mọ́ èrò pé eré rẹ̀ kò ní ìṣèlú nínú. Òtítọ́ ni pé kò ṣe ohun tí Ògúǹdé ṣe nínú Yorùbá Ronú ní 1964, èyí tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi òfin dè. Baba Sala kò bá olóṣèlú kankan wí. Ẹni tí ó jókòó tí ó ń wò ó ni ó ń bá wí. Ẹni tí ó wo Yorùbá Ronú lè padà sílé pẹ̀lú ìbínú sí àwọn aṣáájú. Ẹni tí ó wo Baba Sala gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí òun fi ra nǹkan tí òun kò nílò. Síbẹ̀, ọ̀nà yìí ní àléébù tirẹ̀. Ahun tí a ń fi ṣẹ̀rín lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ yí padà, torí bí ó bá kọ́gbọ́n, eré parí. Bí ìwà ẹni náà kò bá yí padà, ó rọrùn kí òǹwòran fẹ́ràn rẹ̀ ju kí ó bẹ̀rù àtijọ rẹ̀ lọ.

Ìrìnàjò láti ìkànnì kan sí òmíràn tún fi agbára àti àìlera ẹ̀dá-ìtàn yìí hàn. Lórí pèpéle, òǹwòran ń dá sí ọ̀rọ̀, òṣèré sì ń fèsì. Eré lè gùn tàbí kúrú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rín wọn bá ṣe rí. Amóhùnmáwòrán WNTV Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1959, gba ìdáhùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún un ní ojú tí kámẹ́rà sún mọ́. Ẹni tí ó bá ti rí dígí rẹ̀ lórí amóhùnmáwòrán ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n sinimá ń bèèrè ìtàn tí ó ní òpin. Nínú Ọ̀run Móoru, tí Ọlá Balógun darí ní 1982, ìfẹ́ ọlà sọ ọkùnrin yìí di aláìní, ó wá ikú lọ, ó sì bá ara rẹ̀ ní ọ̀run. Fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀dá-ìtàn tí kì í yí padà bá ohun tí ó ju àwàdà lọ pàdé. A gbà pé ibẹ̀ ni Ọláìyá ti ṣeré jù: bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, òun sì jẹ́ kí a rí ẹkún inú ẹ̀rín náà.

Fíìmù yìí kan náà ni àwọn ayédèrú gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀dà fídíò rẹ̀ ti gba ìgboro kan kí ó tó rí owó rẹ̀ padà, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó rọrùn láti sọ pé ohun tí ó fi ṣeré ni ó padà ṣẹ sí i lára. Onílámèyítọ́ kò gbọdọ̀ gba àlàyé yẹn, nítorí ó sọ olè di àyànmọ́. Ohun tí ó fa á ṣe é ṣàlàyé. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń ra fíìmù, òkèèrè ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Kò sí agbátẹrù tí yóò gbà á kiri. Òṣèré fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé ẹ̀dà àti ẹ̀rọ láti ìlú dé ìlú, títí dé Gbọ̀ngàn Tíátà ti Orílẹ̀-èdè ní Ìgànmú, ní Èkó. Nígbà tí ẹ̀rọ fídíò wọ ilé, ẹni tí ó ní ẹ̀dà kan ti ní gbogbo rẹ̀. Ọláìyá ṣì ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní 1983, ó sì tún gbé Moṣebọ́látán jáde lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n àdánù náà kò ṣe é gbàgbé.

Ìṣòro tí ó kù jẹ́ ti àwa tí a ń kọ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bí lẹ́yìn ọdún 1995 mọ dígí náà, ó mọ orúkọ náà, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó má tíì wo odindi eré kan rí. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ṣe lórí pèpéle àti amóhùnmáwòrán nígbà náà kò ṣe é rí wò mọ́, ẹni tí ó bá sì fẹ́ wo àwọn fíìmù náà, ẹ̀dà fídíò tí kò mọ́lẹ̀ ni ó sábà máa ń bá pàdé. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ìrántí àwọn tí wọ́n bá a ṣeré àti àwọn tí wọ́n wò ó ti di ọ̀kan lára ìwé tí a ní. Àgbà ni ọ̀pọ̀ wọn. Kí a gba ohùn wọn sílẹ̀, kí a bi wọ́n léèrè bí ó ṣe ń wọlé, ibi tí ó máa ń dúró sí, iye ìgbà tí ó máa ń dákẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ìbéèrè wọ̀nyí lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n inú wọn ni iṣẹ́ òṣèré wà, kò sì sí ìwé tí yóò dá a padà fún wa bí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n bá lọ.