Ẹ Jẹ́ Kí Efínrín Tanná

Ọ̀pọ̀ ilé tí efínrín wà lẹ́yìnkùlé wọn ni kò mọ bí òdòdó rẹ̀ ṣe rí. Bó bá ti ń múra àtiyọ orí ni wọ́n á ti já a, nítorí pé efínrín tó bá ti yọ orí kì í sábà pewé dáadáa mọ́, èyí tó bá sì pa á kéré, ó sì le. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ń fẹ́ ewé fún ọbẹ̀ àti àgbo gbọ́dọ̀ máa já orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń fi hóró gbin ewé àti òdòdó nílùú Ìbàdàn, tí mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju gbogbo iṣẹ́ tí mo ti dáwọ́ lé lọ, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo máa ń bẹ aládùúgbò mi: bí ìdí efínrín mẹ́fà bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi méjì sílẹ̀ kó tanná. Ẹ ó rí irúgbìn kó níbẹ̀, oyin náà á sì rí oúnjẹ jẹ.

Òdòdó efínrín kì í ṣe èyí tí èrò ọ̀nà ń dúró wò. Ó kéré, ó funfun tó fẹ́ẹ́ yí sí yẹ́lò, ó sì tò ní ìpele-ìpele sára ọ̀pá tó nà sókè. Ìsàlẹ̀ ló ti ń là bọ̀ lókè. Kì í là tán lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí orí kan ṣoṣo fi lè máa bọ́ kòkòrò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ètè òdòdó kọ̀ọ̀kan yọ síta díẹ̀, orí ètè náà ni oyin ń bà lé kó tó ki ẹnu bọ inú. Nígbà tí ìrì bá ń gbẹ láàárọ̀, ẹni tó bá dúró tì í á gbọ́ ìró wọn kó tó rí wọn. Oyin tó ń ta ènìyàn wà níbẹ̀, àwọn oyin kéékèèké dúdú tí kì í ta ènìyàn wà níbẹ̀, labalábá kì í gbẹ́yìn, agbọ́n náà a máa yà síbẹ̀. Mo ti gbin òdòdó tó lẹ́wà jù ú lọ fíìfíì, èyí tí kòkòrò ń wá tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ nínú wọn.

Bí òdòdó bá ti re, ife kékeré tó wà nídìí rẹ̀ á ṣẹ́kù, hóró mẹ́rin ló sì máa ń wà nínú ife kọ̀ọ̀kan. Ẹ dúró kí àwọn ife ìsàlẹ̀ gbẹ kí wọ́n sì ní àwọ̀ igi. Kí ẹ gé orí náà lọ́sàn-án tí oòrùn ti mú, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú àpò pépà, kí ẹ sì so ó kọ́ síbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rún un, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ẹ sì rọra fẹ́ ẹ lórí àtẹ. Sùúrù ni mo máa ń fi ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé ẹni tó bá ń kánjú á fẹ́ ìyàngbò pẹ̀lú irúgbìn dànù. Òórùn tó máa ń kù lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kì í tètè lọ, inú mi sì máa ń dùn sí i.

Àìmọ bí a ṣe ń gbin irúgbìn rẹ̀ ló ń mú kí àwọn ènìyàn sọ pé efínrín kì í fi hóró hù. Ó ń hù. Ohun tí kò fẹ́ ni kí a rì í mọ́lẹ̀. Hóró rẹ̀ kéré púpọ̀, kò ní oúnjẹ nínú tó lè gbé e gba inú ilẹ̀ jíjìn jáde, ó sì tún ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó jí. Ilẹ̀dú tí a fi asẹ́ sẹ́ ni mo ń lò, màá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, màá bomi rin ín kí n tó fọ́n nǹkan kan sí i. Lẹ́yìn náà ni màá da hóró pọ̀ mọ́ iyanrìn odò tó gbẹ, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lójú odò ṣe ń ṣe é, kó má bàa já sójú kan. Mo fọ́n ọn tán, ọwọ́ ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀. N kì í bò ó. Bó bá jẹ́ efínrín wẹ́wẹ́, bí omi bá ti kàn án, hóró rẹ̀ dúdú á di ohun tó ń yọ̀, ohun funfun á sì yí i ká bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́. Omi ló ń tọ́jú pa mọ́ sára láti fi la ọ̀dá kékeré já. Hóró efínrín ńlá kì í ṣe báyẹn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà òun ni kò gbọ́dọ̀ gbẹ rárá títí yóò fi hù.

Èèrà ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Wọ́n á kó irúgbìn lọ níṣojú ẹni, hóró kan lẹ́yìn òmíràn, bí a kò bá fi eérú yí nọ́sìrì náà ká. Àpọ̀jù omi ni ọ̀tá kejì, òun ló sì burú jù. Irúgbìn tó dúró ṣinṣin lálẹ́ á ti dùbúlẹ̀ láàárọ̀, ìdí rẹ̀ á ti rà. Àrùn inú ilẹ̀ ló ń ṣe é, ilẹ̀ tí kì í gbẹ ló sì ń pè é wá. Àárọ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ín, kì í ṣe alẹ́. Ike tí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí ọmọrí rẹ̀ ti tó, kí omi má bàa máa gbá a. Imọ̀ ọ̀pẹ tí a bá fi ṣe ìbòòji gbọ́dọ̀ ga, kí a sì máa dín in kù bí irúgbìn bá ti yọjú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á ga gbọọrọ láìlágbára. Bí ewé gidi bá ti pé mẹ́rin lára wọn, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a dá ihò sí nídìí ni mo ń tú wọn sí, ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí n kò gé ẹ̀ka rẹ̀ rì mọ́lẹ̀, nígbà tí ìyẹn yá jù. Ó yá jù lóòótọ́, n kò sì bá ẹni tó ń fi ẹ̀ka gbin ewúro jà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀nà tó dára ju kí a pín ìdí koríko ọba lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kò lè yàtọ̀ sí igi tí a ti gé e. Hóró ní ìwà tirẹ̀. Láàárín àwọn tó bá hù nínú àtẹ kan, màá rí èyí tí òórùn rẹ̀ ta sánsán ju ti ìyá rẹ̀ lọ, màá rí èyí tó ṣẹ̀ka láti ìsàlẹ̀, màá sì rí èyí tí kò wù mí. Èyí tó wù mí ni màá fi sílẹ̀ kó tanná lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ìyá wa tó ń fi ẹ̀fọ́ tó dára jù sílẹ̀ lóko kó lè so irúgbìn, ọgbọ́n yìí kan náà ni wọ́n ń dá. Kèrègbè irúgbìn tí wọ́n ń da eérú sí, tí wọ́n sì ń so kọ́ òkè àrò kí èéfín lè máa fẹ́ sí i, ilé ìṣúra ni. Ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1967, yàrá tútù ni wọ́n ń kó irúgbìn sí, oríṣi irúgbìn ẹ̀wà tí wọ́n ní níbẹ̀ sì lé ní 15,000. Gbígbẹ ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì dá lé. Ohun tó gbẹ dáadáa á pẹ́ láyé, bí kò bá sì rí ooru, á tún pẹ́ sí i.

Mo ń gbin òdòdó mọ́ ewé. Zinnia, cosmos àti marigold tí a ń rí níbi gbogbo báyìí, ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ti wá, ooru wa kò sì le fún wọn. Èyí tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ onípele kan ni kí ẹ máa wá. Àwọn tó nípọn bí i pé wọ́n di ìdì kan, tí àwọn kan ń fi owó gidi rà, ewé òdòdó ló ti gba àyè ibi tí oúnjẹ kòkòrò yẹ kó wà lára wọn. Oyin á yí i ká títí, á sì bínú lọ. Gbòǹgbò marigold tún ní oògùn tó ń pa àwọn aràn tín-ín-tìn-tín inú ilẹ̀, àwọn tó máa ń mú gbòǹgbò tòmátì wú kókó-kókó, nítorí náà ẹbè tí mo bá fẹ́ gbin tòmátì sí, òun ni mo ń kọ́kọ́ fi síbẹ̀. Ti òdòdó yẹ́lò ńlá tó gba ẹ̀gbẹ́ títì láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀ lóṣù Ọ̀wàrà àti Bélú, oyin fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Bó bá wọlé, kò ní í jẹ́ kí nǹkan mìíràn rí ilẹ̀ dúró sí.

Ojú kan ni kí ẹ kó òdòdó irú kan jọ sí, kì í ṣe ọ̀kan níhìn-ín ọ̀kan lọ́hùn-ún. Oyin tó bá jáde nílé kì í sábà fò láti orí efínrín sórí zinnia. Irú òdòdó kan ṣoṣo ló sábà ń lépa nínú ìrìn kan. Àwọ̀ búlúù, elésè àlùkò àti yẹ́lò ló ń tètè rí, ojú rẹ̀ kì í rí àwọ̀ pupa bíi tiwa. Karl von Frisch ará Austria ló fi hàn pé oyin mọ àwọ̀ yàtọ̀, tó sì tún túmọ̀ ijó tí wọ́n fi ń júwe ọ̀nà oúnjẹ fún ara wọn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1973.

Ìsápá ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹni tó bá gbìn ín lóṣù Igbe á rí i tó ga ju ènìyàn lọ láìtíì tanná, á sì rò pé irúgbìn burúkú ni. Ó ń dúró kí ọ̀sán kúrú ni. Bí ọdún bá ti ń lọ sópin tí ilẹ̀ sì ń tètè ṣú, á bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, òdòdó kọ̀ọ̀kan á là fún ọjọ́ kan péré, á sì rọ. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbìn ín pẹ́, lóṣù Agẹmọ, kó má bàa fi igi ṣòfò.

Ohun tí oyin àti àwọn kòkòrò òdòdó yòókù ń ṣe fún wa kò mọ sórí oyin tí a ń lá. Akọ òdòdó elégédé yàtọ̀ sí abo rẹ̀. Ìdájí ni wọ́n ń là, wọ́n á sì ti pa dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí kòkòrò kò bá gbé lẹ́búlẹ́bú akọ dé ọ̀dọ̀ abo láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn, ọmọ elégédé á rà, á sì já. Kùkúǹbà tí lẹ́búlẹ́bú tó kàn án kò tó, ṣe ló máa ń wọ́. Igbá àti tòmátì ti lẹ́búlẹ́bú tiwọn mọ́ inú ihò tóóró, oyin ilé kò sì mọ bí a ṣe ń mú un jáde. Àwọn oyin ńlá dúdú tó ń gbẹ́ igi ló mọ̀ ọ́n: wọ́n á gbá òdòdó mọ́ra, wọ́n á gbọn ara pẹ̀lú ìró tó rinlẹ̀, lẹ́búlẹ́bú á sì dà sí wọn láyà. Kòkó tó kọ́ ilé, tó rán ọmọ níwèé nílẹ̀ Yorùbá, àwọn kòkòrò tó jẹ́ ìbátan kantíkantí ló ń bá òdòdó rẹ̀ gbé lẹ́búlẹ́bú, inú ewé jíjẹrà àti èèpo kòkó ni wọ́n sì ń gbé. Ní Màléṣíà, ọwọ́ ni òṣìṣẹ́ fi ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pẹ, títí wọ́n fi kó kòkòrò onímú gígùn kan láti Kamẹrúùnù lọ tú sílẹ̀ lóko wọn lọ́dún 1981.

Nítorí náà ni oògùn apakòkòrò tí a ń fín káàkiri láàárọ̀ ṣe ń dùn mí. Àárọ̀ ni òdòdó ń là, àárọ̀ ni oyin ń jáde, a ó sì gbé ike oògùn kọ́ ẹ̀yìn ní wákàtí yẹn gan-an láti lọ pa kòkòrò ewé. Lẹ́yìn náà ni a ó máa bi ara wa pé kí ló ṣe igbá tí kò so. Mo mọ̀ pé àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni jókòó kí kòkòrò máa jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀ tán. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣà wọ́n níbi tí oko kò bá ti tóbi. Bí ọ̀ràn náà bá ju ọwọ́ lọ, ẹ fi ewé tàbí èso dóńgóyárò gbìyànjú ná. Bó bá sì di dandan kí ẹ ra oògùn, ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ lójú odò àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo bẹ̀ yín, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́ tí oyin bá ti wọlé, kí ẹ má sì fín in sórí òdòdó tó bá là.