Ìtàn Ojú Ọ̀nà àti Orúkọ Ẹni Tí Ó Ṣe Ni Lóore

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni ó ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ohun tí wọn kò sọ fún wa ni ohun tí ó yẹ kí ẹni náà ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti rí i tán. Ṣé kí ó kàn padà wálé wá sọ pé òun rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ ni, àbí kí ó tún dárúkọ ẹni tí ó na ìka sí orí igi kí òun tó rí i? Ìbéèrè yìí ni mo gbé bọ̀ láti ìpàdé kan tí mo lọ ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn tí ó ń fi alùpùpù rin ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn ti kó ara wọn jọ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan.

Ọmọkùnrin kan tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí, tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ni ó mú mi lọ. Èmi kì í gun alùpùpù. Ní tèmi, ọ̀kadà ni alùpùpù: ohun tí ènìyàn ń gùn nígbà tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ bá dí ọ̀nà, tí a sì ń gbàdúrà lórí rẹ̀ títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ó ní kí a lọ wo àwọn tí ó ń fi í yí ayé ká, mo bi í bóyá wọn kò rí owó ọkọ̀ òfuurufú san ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ṣáà jẹ́ kí a lọ. Ìtàn ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ìtàn sì ni iṣẹ́ yín." Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó mú mi dìde.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni a dé ibẹ̀. Pápá koríko gbalasa ni. Àgọ́ kéékèèké kún inú rẹ̀ bí olú tí ó hù lẹ́yìn òjò, alùpùpù kọ̀ọ̀kan sì dúró ti àgọ́ olówó rẹ̀ bí ẹṣin tí a so mọ́lẹ̀. Àpótí irin wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n sì lẹ àsíá àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti dé mọ́ ọn. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn mìíràn kò fọ ẹrẹ̀ ara tiwọn. Ẹ̀rí ni ẹrẹ̀ náà jẹ́. Ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun ń gbé ẹ̀wà inú agolo kaná lórí sítóòfù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kò mọ̀ wá rí, síbẹ̀ ó bu fún wa. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò tíì gun alùpùpù kọjá etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jókòó ti ìyá àgbà kan tí ó ti gun tirẹ̀ la ilẹ̀ Éṣíà já, ó ń bi í ní ìbéèrè, ó sì ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Àṣà ìpàdé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ní 1956, akọ̀ròyìn ará Jámánì kan, Ernst Leverkus, pe àwọn tí ó ń gun alùpùpù Zündapp KS 601 jọ nínú òtútù. Erin ni ìnagijẹ alùpùpù náà, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe ìpàdé náà ní Elefantentreffen, èyí tí í ṣe Ìpàdé Àwọn Erin, títí di òní. Ní 1973, Ted Simon gun alùpùpù Triumph kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lo ọdún mẹ́rin lójú ọ̀nà. Ìwé rẹ̀, Jupiter's Travels, tí ó jáde ní 1979, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà kí wọ́n tó di ẹrù tiwọn. Tọkọtaya kan, Grant àti Susan Johnson, bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò tiwọn ní 1987. Àwọn ni wọ́n dá Horizons Unlimited sílẹ̀, èyí tí ó ń pe irú ìpàdé yìí ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ó sì di 2004, òṣèré méjì, Ewan McGregor àti Charley Boorman, gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù dé New York, wọ́n fi í hàn lórí tẹlifíṣàn ní abẹ́ àkọlé Long Way Round, eré ọwọ́ ènìyàn díẹ̀ sì di ọjà ńlá.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀kọ́ ọwọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń yọ táyà lójú ọ̀nà, bí a ṣe ń di ẹrù kí ó má baà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àti bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí ó fara pa kí dókítà tó dé. Wọ́n ṣàlàyé ìwé kan tí àwọn aṣọ́bodè ń lù ní òǹtẹ̀, tí ó jẹ́ onídùúró pé ẹni tí ó gbé alùpùpù wọ ìlú kan yóò tún gbé e jáde, kò ní tà á síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn sísọ ni ọba gbogbo rẹ̀. Nínú àgọ́ ńlá kan ni wọ́n ti ń sọ ọ́: wọ́n ta aṣọ funfun, wọ́n ń gbé àwòrán sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, asọ̀tàn kọ̀ọ̀kan sì ní wákàtí kan péré.

Kí n tó ṣe lámèyítọ́ àwọn ìtàn wọ̀nyí, ó yẹ kí n yìn wọ́n ní ibi tí ìyìn tọ́ sí wọn. Ohun kan tí ó wù mí ni pé àwọn olùgbọ́ mọ ojú ọ̀nà. Ọkùnrin kan sọ pé òun fi ọjọ́ kan la apá kan aṣálẹ̀ já. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn bi í níbi tí ó ti rí epo rà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbà pé ọjọ́ méjì ni. Mo rántí àwùjọ àwọn ọdẹ wa, níbi tí oníjàálá kò ti lè fi ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí ó wù ú, nítorí pé àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n sì mọ ìgbà tí ó bá ṣìnà. Kò sí ohun tí ó ń tún ìtàn ṣe tó olùgbọ́ tí ó lè sọ pé irọ́ ni. Àwọn asọ̀tàn náà kì í sì í fi ìbẹ̀rù wọn pamọ́. Akọni ọkùnrin dìde, ó sọ bí òun ṣe sunkún ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò sì fi í rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ lẹ́yìn ìtàn karùn-ún, mo rí i pé egungun kan náà ni ó wà nínú gbogbo wọn. Olú ẹ̀dá ìtàn fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará ilé kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Alùpùpù rẹ̀ bàjẹ́ níbi tí kò sí ẹyẹ kò sí eku. Àlejò kan yọ sí i, ó tún nǹkan ṣe fún un, ó sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Olú ẹ̀dá ìtàn padà délé, ó ti di ẹlòmíràn. N kò bá ìlànà jà, nítorí pé àlọ́ tiwa náà ní ìlànà. Ibi tí mo ti bá wọn jà ni ibi àlejò yẹn. Nínú gbogbo ìtàn márààrún, "ọkùnrin kan" ni, tàbí "obìnrin kan", tàbí "àwọn ará abúlé". Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn asọ̀tàn wọ̀nyí máa ń sọ alùpùpù wọn lórúkọ, bí ẹni sọ ajá lórúkọ. Alùpùpù ní orúkọ; ẹni tí ó tún un ṣe kò ní.

Ìyá àgbà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sọ ìtàn tirẹ̀ ní ọ̀sán. Ó gba ọ̀nà Moyale sí Marsabit ní àríwá Kẹ́ńyà, nígbà tí wọn kò tíì da ọ̀dà sí i, tí òkúta rẹ̀ ń fọ́ irin bí ẹni fọ́ ẹ̀pà. Irin tí ó gbé ẹrù rẹ̀ kán. Jórinjórin kan ní Marsabit fi gbogbo òru jó o fún un, ó sì kọ̀ láti gba ju owó iná lọ. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àkókò ìbéèrè tó, mo na ọwọ́ sókè, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, kí ni orúkọ jórinjórin náà?" Àgọ́ dákẹ́ díẹ̀. Ó wò mí, ó ní òun kò lè rántí lójú ẹsẹ̀. Wọ́n bọ́ sí ìbéèrè mìíràn, lórí irú táyà tí ó lò.

Ẹ̀yin òǹkàwé lè sọ pé orúkọ lásán ni mo ń wá kiri. Ẹ jẹ́ kí a wo Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938. Nígbà tí Àkàrà-ògùn ń lọ sí Òkè Láńgbòdó, òun nìkan kọ́ ni ó lọ. Kàkò wà níbẹ̀, Ìmọ̀dòye wà níbẹ̀, Ọlọ́hùn-iyọ̀ wà níbẹ̀, Ẹ̀fọ́ìyẹ̀ tafàtafà náà wà níbẹ̀. Olúkúlùkù ni ó ní orúkọ àti ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, a sì mọ̀ pé bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, ìrìn náà lè má délé. Orúkọ ni ó ń sọ ènìyàn di ẹ̀dá ìtàn. Ẹni tí kò ní orúkọ nínú ìtàn di ara ìbùdó ìtàn, ó di ọ̀kan nínú igi àti òkúta ojú ọ̀nà. Bí a bá sì sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà, ohun tí ó kù lọ́kàn olùgbọ́ ni òyìnbó kan tí ó lórúkọ tí ó ń la ilẹ̀ aláìlórúkọ kọjá.

Kì í ṣe ará Áfíríkà nìkan ni ìlànà yìí ń gbé mì. Nínú Long Way Round, ẹnìkẹta wà tí ó gun alùpùpù tirẹ̀ tẹ̀ lé àwọn òṣèré méjì náà, tí ó tún ń ya àwòrán wọn. Claudio von Planta ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà, ẹrẹ̀ kan náà ni ó ta sí wọn lára, síbẹ̀ bí a bá bi àwọn ènìyàn, ẹni méjì ni wọ́n máa ń sọ pé ó lọ.

Àwa náà kò mọ́. A ní Ọlábísí Àjàlá, ọmọ Yorùbá tí ó fi alùpùpù Vespa rìn káàkiri ayé, tí ìwé rẹ̀, An African Abroad, sì jáde ní 1963. Ebenezer Obey fi orúkọ rẹ̀ kọrin ní 1972, láti ìgbà náà ni a ti ń pe gbogbo alárìnkiri ní Àjàlá. Ní 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó ní ọjọ́ mọ́kànlélógójì, ó fi í wá owó fún ìgbógunti àrùn rọpárọsẹ̀, a sì fi ìlù àti ijó pàdé rẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ó bèèrè orúkọ ẹni tí ó fún wọn ní omi lójú ọ̀nà? Ẹni tí ó gùn ún ni a ń kọrin rẹ̀. Àwa tí a mọ̀ pé Ògún ni ó ni ọdẹ, ni ó ni awakọ̀, tí ó sì tún ni alágbẹ̀dẹ, ó yẹ kí a mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí a ti jókòó ti iná, èmi náà sọ ìtàn kan. Ní 1998, táyà ọkọ̀ mi fọ́ ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ní àṣálẹ́, èyí tí mo fi pààrọ̀ kò sì ní afẹ́fẹ́. Ọlọ́kadà kan dúró, ó gbé èmi àti táyà dé ọ̀dọ̀ fọgánáísà ní Ìkirè, ó dúró dè mí, ó gbé mi padà, ó sì fi iná alùpùpù rẹ̀ tàn mí títí mo fi de nọ́ọ̀tì tí ó kẹ́yìn. Mo sọ ọ́ dáadáa. Ó yẹ kí n sọ ọ́ dáadáa: mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láti ọdún yìí wá gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ bí a ṣe ń so ìtàn pọ̀. Nígbà tí mo parí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Kí ni orúkọ ọlọ́kadà náà?"

N kò mọ̀ ọ́n. N kò bèèrè. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì fún un ní owó. Síbẹ̀ láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ẹrù rẹ̀ ṣe ọjà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí àwọn ènìyàn ti ń tú àgọ́, ìyá àgbà náà wá bá wa. Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan tí omi ti bà jẹ́ létí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí i, ó fi hàn mí: orúkọ jórinjórin náà wà níbẹ̀ kedere, pẹ̀lú orúkọ ìyàwó rẹ̀ àti iye ọmọ wọn. N kò ní kọ orúkọ náà síhìn-ín, nítorí pé ẹnu obìnrin náà ni ó yẹ kí àwùjọ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ ń sọ ìtàn náà, orúkọ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní wákàtí kan ni òun ní, òun bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kù, orúkọ náà sì wà lára ohun tí òun kọ́kọ́ gé.

Ìdáhùn yẹn kọ́ mi ju gbogbo ìtàn tí mo gbọ́ lọ. Mo ti rò pé àìmoore ni mo ń ṣe lámèyítọ́ rẹ̀. Kì í ṣe àìmoore. Ìlànà ìsọ̀tàn ni, èyí tí ó ti pinnu ohun tí ó ṣe kókó àti ohun tí a lè gé, kí asọ̀tàn tó la ẹnu. Àlébù ìlànà sì ṣeé tún ṣe, bí àwọn olùgbọ́ bá kọ̀ láti pàtẹ́wọ́ títí wọn yóò fi gbọ́ orúkọ. Ìyá àgbà náà ṣèlérí pé òun yóò dá a padà sínú ìtàn. Ó lè ṣe é, nítorí pé ó kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn ní ìtàn kò kọ tèmi sílẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá tún ń sọ ìtàn Ìkirè, ibi tí orúkọ yẹ kó wà ni n óò ti dúró, n óò sì sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé n kò bèèrè.