Ìtumọ̀ Sùn, Ìpè Ò Sùn: Lámèyítọ́ Lórí Orúkọ Àwọn Ará Pólándì

Àléébù kan wà lára ìwé ìsọmọlórúkọ: á to orúkọ sápá òsì, á to ìtumọ̀ sápá ọ̀tún, ó parí. Bí a bá fi ojú bẹ́ẹ̀ wo orúkọ àwọn ará Pólándì, a ó rí ẹwà rẹ̀, ṣùgbọ́n a ó ṣì í gbọ́.

Ẹwà náà wà lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ méjì tí a so pọ̀ ni ọ̀pọ̀ orúkọ ìbílẹ̀ wọn. Bóg ni Ọlọ́run, sława ni ògo. So wọ́n pọ̀, ó di Bogusław. Yorùbá tó gbọ́ èyí á ní Ògoolúwa nìyẹn. Wọ́n tún ní Nielub láyé àtijọ́, ìyẹn ẹni tí a kò fẹ́ràn, kí ẹ̀mí burúkú má baà bojú wo ọmọ náà. Ẹni tó bá mọ Ìgbẹ́kọ̀yí kò nílò àlàyé.

Ibi tí ọ̀nà ti pín ni Kazimierz. Kazić jẹ mọ́ bíba nǹkan jẹ́, mir sì ni àlàáfíà. Ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fún un ni "ẹni tó ń ba àlàáfíà jẹ́". Síbẹ̀, ọba kan tó ń jẹ́ orúkọ yìí, tó jọba láti 1333 sí 1370, ni wọ́n ń pè ní Kazimierz Ńlá, òun ló dá yunifásítì Kraków sílẹ̀ ní 1364. Òbí tó sọ ọmọ ní Kazimierz lónìí kò ro ogun rárá. Bàbá àgbà tàbí ẹni mímọ́ ló ń rò. Ìtumọ̀ ti sùn nínú orúkọ.

Ìpè ni kò sùn. Stanisław ló wà nínú ìwé ìbí ọmọ kan. Staś ni ìyá ń pè é bó bá ń tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, Staszek ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Tó bá di ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ ìrántí bíṣọ́ọ̀bù Stanisław tí wọ́n pa ní 1079, tẹbítọ̀rẹ́ á kí i kú ọjọ́ orúkọ, imieniny lédè wọn. Lójú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà níbẹ̀, ọjọ́ yìí ju ọjọ́ ìbí lọ.

Èrò mi ni pé iṣẹ́ oríkì àbísọ ni irú ìpè bíi Staś àti Staszek ń ṣe. Ìyàtọ̀ kan ló wà: Àyìnkẹ́ ṣì ń sọ̀rọ̀ létí ẹni tó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Gosia, tí wọ́n gé lára Małgorzata, kò sọ nǹkan kan ju ìfẹ́ lọ. Ìwé á sọ pé péálì ni Małgorzata lédè Gíríìkì, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá yọjú lójú fèrèsé, tó ké pe Gosia pé "Gosiu!", kò sí péálì tí yóò dáhùn. Ọmọ ni yóò sáré wọlé.