Dáyárì Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san àti Ohun Tí Àwọn Olùkọ́ Ìkọ̀wé Wa Kò Fẹ́ Kà

Níbi àpérò kan tí a ṣe láìpẹ́ yìí lórí bí a ó ṣe máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìkọ̀wé, akẹgbẹ́ mi kan, tí mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ rẹ̀ nínú gírámà, dìde, ó ní kí a má fi àkókò ṣòfò lórí dáyárì kíkọ. Ó ní Yorùbá kì í jókòó ti ìwé láti bá ọkàn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀; oríkì la fi ń mọ ara wa, ẹnu ẹlòmíràn ni oríkì sì ti ń jáde. Nítorí náà, kí a kọ́ ọmọ ní sípẹ́lì, àmì ohùn àti bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, kí a fi ìyókù sílẹ̀ fún òyìnbó tó ni ín. Ọ̀pọ̀ ló pàtẹ́wọ́. Pàtẹ́wọ́ yẹn ló mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí, òun àti ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ní gbogbo ọjọ́ náà, Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san ọmọ Ìbàdàn.

Ní nǹkan bí ọdún 1889 ni a bí Ọbísẹ̀san sí ìdílé Apẹrin, ìdílé ọdẹ àti jagunjagun tó ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ. Ó kàwé díẹ̀, ó ṣiṣẹ́ akọ̀wé, ó wà nínú Ẹgbẹ́ Àgbà Ò Tán tí àwọn ọ̀làjú Ìbàdàn dá sílẹ̀ ní 1914, ó di aṣáájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó, ó sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìjọba amúnisìn ní àwọn ọdún 1940. Ó kú ní 1963. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju gbogbo èyí lọ ni dáyárì rẹ̀, tó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ láti ìgbà ọ̀dọ́ títí dé ìgbà àgbà. Ó wà ní Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà ti kàwé gboyè.

Kí ni àwọn onímọ̀ ìtàn ti fi dáyárì yìí ṣe? Wọ́n ń wá iye tí wọ́n ta kòkó, wọ́n ń wá ẹni tó jẹ oyè àti ẹni tí oyè bọ́ mọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń wá ẹjọ́ ilẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á pa ìwé dé. Ruth Watson yàtọ̀ sí wọn. Nínú Africa's Hidden Histories, ìwé tí Karin Barber ṣe olóòtú rẹ̀ ní 2006, ó wo ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ìwé kíkà jẹ́ bí kò bá mú owó wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí mi ò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ni àwọn tó ń sọ pé Samuel Pepys tiwa nìyí, bí ẹni pé a ò lè yin ẹnì kan láìkọ́kọ́ wá òyìnbó tó jọ. Pepys kọ tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1660 sí 1669, ó sì dáwọ́ dúró nítorí ó ń bẹ̀rù pé ojú òun ń lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń gòkè ni, adùn ayé sì kún inú ìwé rẹ̀. Ọbísẹ̀san kò rí adùn púpọ̀ kọ. Gbèsè ló ń kọ.

Ní ti ìlànà, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Mo ń wo ohun tí àkọsílẹ̀ ń ṣe fún ẹni tó kọ ọ́ kí n tó wo ohun tó ń ṣe fún àwa tí a ń kà á.

Ẹ wo bí Ọbísẹ̀san ṣe ń to dáyárì rẹ̀. Déètì á wà lókè. Àlejò tó wá, ibi tí òun lọ, ohun tí àwọn ará ilé sọ lórí ilẹ̀, owó tí òun jẹ, owó tí wọ́n jẹ òun, ohun tí òun kà. Títí dé ibí, akọ̀wé ọ́fíìsì lásán ló ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, láìfi ààyè sílẹ̀ àti láìsọ pé òun fẹ́ yà, gbólóhùn á ṣẹ́rí padà sí òun fúnra rẹ̀: àìlówó òun, àwọn ẹgbẹ́ òun tó ti là ju òun lọ, ìwé tí òun kò kà tó. Lọ́jọ́ kejì, déètì tún dé, ìṣírò tún bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́rípadà yẹn ni mo pè ní ọnà. Ẹni tó ń ṣírò owó àti ẹni tó ń ṣírò ayé ara rẹ̀ ń lo gègé kan náà, wọn kì í sì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán nígbà gbogbo. Olùkọ́ tí yínkì pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí gbólóhùn náà ti ń wọ́ ni ìrònú ti ń wá ibi tí yóò gbà kọjá, ẹni tó bá sì tún un ṣe yóò tún ìrònú náà pa.

Akẹgbẹ́ mi yóò ní Gẹ̀ẹ́sì tó fi kọ ọ́ ti fi hàn pé òyìnbó ló ń fara wé. Èmi gbà pé iṣẹ́ ló ń kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí Rẹ́sídẹ́ǹtì, òun ni wọ́n fi ń bá báǹkì àti ilé-ẹjọ́ lò. Ẹni tó bá ń fi í kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní alaalẹ́ kò ní máa wá ọ̀rọ̀ kiri lọ́jọ́ tí ilẹ̀ ìdílé bá dé iwájú adájọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú agbo ilé tí àwọn tó lè ka Gẹ̀ẹ́sì kò pọ̀, ó ṣeé ṣe fún un láti sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ilé gbọ́.

Ọ̀rọ̀ oríkì tí akẹgbẹ́ mi mú wá gan-an ni yóò sì dá a lẹ́bi. Ọmọ Apẹrin ni Ọbísẹ̀san. Ó mọ ohun tí wọ́n ń fi kí bàbá rẹ̀, ó mọ irú ọkùnrin tí orúkọ náà ń bèèrè fún: ẹni tí èrò ń wọ́ tẹ̀lé, tí ọwọ́ rẹ̀ là. Oríkì yẹn ló gbé ka iwájú nígbà tó ń ka gbèsè rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ pé ó mọ oríkì, kí ni yóò máa dùn ún? Ìtìjú tó wà nínú dáyárì yẹn kò wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Ìtìjú ọmọ jagunjagun ni, tó bá ara rẹ̀ nínú ayé tí kòkó àti ìwé-ẹ̀rí gba ipò ogun. Mi ò rí ẹni tó tíì kọ èyí sílẹ̀ tààrà, ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí gbangba ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sílé. Ní Ìlórò-Èkìtì níbí, àti ní Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó kò ṣàì ní ìwé mínítì. Ẹni tó bá ka ọ̀kan ti ka ogún. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, a ka mínítì ìpàdé tó kọjá, ẹnì kan dábàá pé kí a gbà á wọlé, ẹlòmíràn kín in lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ìlà tí mo máa ń wá: "Ọ̀rọ̀ wáyé lórí owó tó dín, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àlàyé, a gbé e fún ìgbìmọ̀ kékeré." Ọ̀pọ̀ àlàyé! Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti dìde, tó ju fìlà sílẹ̀, tó ní wọn ò ní fi orúkọ òun wọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni akápò ti dákẹ́. Akọ̀wé rí gbogbo rẹ̀, ó mọ ẹni tó yẹ kí a bi léèrè, ṣùgbọ́n ìlànà mínítì kò fún un láàyè, kò sì ní ìwé mìíràn nílé tí yóò kọ ọ́ sí. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí ìgbìmọ̀ kékeré bá jókòó, á gbàgbé. Wọ́n á ní orí rẹ̀ kò pé bíi ti alájọ Ṣómólú. Kí ni ti orí níbẹ̀? Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọ láti kọ, èyí tí gbogbo ènìyàn yóò kà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní èkejì, òun sì ni yóò mú kí ojú rẹ̀ mú nínú ti àkọ́kọ́.

Mo fẹ́ fi Ọbísẹ̀san sílẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ń kúrò lórí dáyárì nìkan. Samuel Johnson, tí a bí ní Sàró ní 1846, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àti ajíhìnrere. Ìjọ CMS tó gbà á síṣẹ́ pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn máa kọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n gbọ́, kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ìwé náà wà ní Yunifásítì Birmingham báyìí, lórí wọn sì ni ọ̀mọ̀wé J. D. Y. Peel gbé ìwé ńlá rẹ̀ ti 2000 kà. Ìwé tí ọ̀gá yóò kà ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sọ Johnson di ẹni tí kì í jẹ́ kí ọjọ́ kọjá lófo. Ní 1886, òun àti Charles Phillips ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ gómìnà Èkó lọ láàrin àgọ́ Ìbàdàn àti àgọ́ Èkìtìparapọ̀, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ogun Kírìjí ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀. Àwa tí a bí sí ìhà ibí mọ Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí, jagunjagun Èkìtìparapọ̀, a sì mọ ibi tí Johnson ti gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Mo ti bínú sí i nítorí bẹ́ẹ̀, mo sì tún ń bínú. Ìyẹn kọ́ ni mo ń sọ lónìí.

Ohun tí mo ń sọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 1897. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìwé náà sì sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìtún fojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó tún gbogbo rẹ̀ kọ, kí ó tó jáde ní 1921. Kí ló fi tún un kọ? Àwọn àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dà nù. Èyí tó mọ́, tó dán, tó yẹ fún atẹ̀wé, ti rá. Jágajàga ló kù, jágajàga ni ó sì bí ìwé tí gbogbo wa ń jiyàn lé lórí láti ọgọ́rùn-ún ọdún wá. Àwọn lámèyítọ́ tó ń wọn ìwé náà gbólóhùn kan sí èkejì, tí wọ́n ń sọ pé báyìí ni Johnson ṣe ń kọ̀wé, kí ni wọ́n ń wọ̀n gan-an? Ọwọ́ ènìyàn méjì ló wà níbẹ̀, ohun tó sì so ọwọ́ méjèèjì pọ̀ ni àṣà ẹni tí kì í da àkọsílẹ̀ nù.

Àpẹẹrẹ kẹta kò sí nínú ilé-ìkàwé kankan. Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911, tó sì jẹ Olúbàdàn láti 1955, náà ló ṣe olórí Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, ìjọ tí Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ títí tó fi kú ní 1959, tí wọ́n sì sin ín sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Láàrin àwọn Aládùúrà, láti Ẹ̀fọ̀n dé ọ̀dọ̀ wa níbí, ẹnì kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò kà sí òǹkọ̀wé rárá: ẹni tí ń kọ ìran sílẹ̀. Bí aríran bá ti wọnú ẹ̀mí, akọ̀wé yìí á ti ṣí ìwé. Kò láǹfààní láti ro gírámà. Á kọ déètì, á kọ orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ bá, á máa sáré tẹ̀lé ẹnu, á gé ọ̀rọ̀ kúrú, á fi ìlà sábẹ́ ibi tó bá lágbára. Bí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀, á kà á sókè fún ẹni tó ni ín. Iṣẹ́ tó tún wà lẹ́yìn ìyẹn ló jẹ mí lógún jù: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á padà sídìí ìwé náà, wọ́n á wá ojú ewé, wọ́n á yẹ ohun tí a sọ wò sí ohun tó dé. Bí kò bá bá ara wọn mu, ìwé náà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè yí ẹnu padà.

Níwájú irú ìwé yìí, ohun tí mo ń gbèjà ti kéré sí èyí tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Kíkọ lójoojúmọ́ dára, mo sì dúró lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ tí kò padà kà á yóò kàn ní ìwé púpọ̀ ni. Obadiah padà sídìí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ. Akọ̀wé ìran ń padà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kòkó kò ní ibi tí yóò padà sí, ìdí nìyẹn tí owó tó dín fi ń wà ní dídín.

Mo ti rí ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí akẹgbẹ́ mi kọ. Ó ya ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sọ́tọ̀ fún lẹ́tà ìwáṣẹ́. Kí ó fún mi ní mẹ́rin níbẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé eléwé ogójì kan wá, kí ó máa kọ déètì, ohun tó ṣe, ohun tó ná, ohun tí ẹnì kan sọ tó ṣì ń dùn ún. Kí olùkọ́ má fi yínkì pupa kàn án. Ní ọjọ́ Ẹtì, kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí ó fi bírò àwọ̀ mìíràn kọ ohun tó rí báyìí sábẹ́ ohun tó rí nígbà náà. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, kí a wá ní kí ó kọ mínítì, kí a fi wé ti ọmọ kíláàsì mìíràn tó fi gbogbo àkókò náà kọ́ lẹ́tà. Kí àwọn tó sì ń wá iye kòkó ní Kenneth Dike Library bá wa ṣẹ̀dà ojú ewé mélòó kan jáde nínú dáyárì Ọbísẹ̀san, kí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì túmọ̀ wọn sí Yorùbá, kí ó lè dé ọwọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ní Ìjerò àti Ìlórò kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé.