Ilé Là Ń Wò: Àyẹ̀wò Àwòrán Kòkòrò

Ní ọdún 2016, Levon Biss pàtẹ àwòrán kòkòrò sí ilé-ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì Oxford. Fọ́tò tó lé ní 8,000 ló ń so pọ̀ kí àwòrán kan ṣoṣo tó jáde. Iṣẹ́ ńlá ni. Irun ara kòkòrò hàn kedere. Ṣùgbọ́n òkú ni gbogbo wọn: kò sí ewé, kò sí omi, kò sí ọ̀tá.

Fíìmù Microcosmos, tí Claude Nuridsany àti Marie Pérennou gbé jáde ní Faransé ní 1996, ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Kòkòrò alààyè ló wà níbẹ̀, láàárín koríko. Ẹ wo yímíyímí tí ẹ̀gún há ẹrù rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń jà títí ó fi já a gbà.

Àwọn baba wa kò ní kámẹ́rà, síbẹ̀ wọ́n ti rí i: ẹni tó ń yí imí ni yímíyímí. Lámilámi ńkọ́? Abo rẹ̀ a máa fi ìdí kan omi láti yé ẹyin. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ nínú fíìmù náà. Àwa òbí la ó sọ orúkọ fún ọmọ. Ẹ̀yin ará wa ní Warri, ẹ mú fóònù, kí ẹ bá wọn lọ sétí omi ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú ara lámilámi yá. Ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bò ó. Bó bá fò, ẹ ní sùúrù. Ó sábà máa ń padà sórí igi kan náà. Kí ọmọ wá kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò ní Yorùbá, kí orúkọ náà má bàa sọnù sí àjò.